Ádímíṣọ̀n Tí Wọ́n Ní Wọ́n Rà

Bí èèyàn bá wọ ọkọ̀ Adéríbigbé láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, oorun ò níí kùn ún. Kì í ṣe pé ó máa ń sá eré àsápajúdé o, ẹnu rẹ̀ ni kì í sinmi. Kí ọkọ̀ Síẹ́nà rẹ̀ tó kúrò ní gáréèjì, ó ti mọ ẹni tó ń lọ kí ìyá rẹ̀, ó ti mọ ẹni tó ń lọ ra gààrí, ó sì ti bi akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sẹ́yìn léèrè iṣẹ́ tó ń kọ́. Àwọn èrò fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn mìíràn á tilẹ̀ fi ọkọ̀ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún sílẹ̀, wọ́n á ní Bàbá Fọláhànmí làwọn ń dúró dè. Fọláhànmí ni àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló sì máa ń dùn mọ́ bàbá rẹ̀ lẹ́nu jù.

Ọmọ náà mọ̀wé, kò sí irọ́ níbẹ̀. Láti kékeré ló ti máa ń ka gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ sára ògiri àti sára ọkọ̀ fún bàbá rẹ̀ bí wọ́n bá jọ ń lọ. Adéríbigbé fúnra rẹ̀ ò ka ìwé jìnnà. Ìgbà tí bàbá rẹ̀ kú ló kúrò nílé ẹ̀kọ́ tó lọ kọ́ṣẹ́ dírébà, kò sì sí ọjọ́ kan tí ọ̀rọ̀ yẹn kì í dùn ún. Bó ṣe wá rí i pé ọmọ òun ń gbé ipò kìíní ní kíláàsì, ó pinnu pé Nọ́ọ̀sì ni yóò ṣe, ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà l'Ógbómọ̀ṣọ́ ni yóò sì ti kọ́ ọ, níbi tí òun á ti máa rí i lójoojúmọ́ tí òun bá gbérò lọ.

Ìjọ Aládùúrà kan ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń lọ. Níbẹ̀ náà ni Àbíkẹ́, opó kan tó ń ta garawa àti abọ́ oníke l'Ọ́jà Akẹ̀sán, ń lọ pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀, Olúwatómisìn. Tómisìn àti Fọláhànmí jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà, wọ́n sì jọ fẹ́ ṣe Nọ́ọ̀sì. Tí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ kàn sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ẹ ó rí èkejì. Ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé orí Fọláhànmí yá ju ti Tómisìn lọ. Ohun tí Fọláhànmí bá kà lẹ́ẹ̀kan tó yé e, Tómisìn á kà á títí, á tún padà wá bèèrè.

Nígbà tí wọ́n dé kíláàsì àṣekágbá, olùkọ́ wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ọládépò, dá ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ ṣe WAEC. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń jókòó tì í, títí kan ọjọ́ Sátidé. Fọláhànmí lọ fúngbà díẹ̀, bàbá rẹ̀ sì ní kó má lọ mọ́. Ó ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbi kan tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní JAMB nìkan, níbi tí wọ́n ti ń lo kọ̀ǹpútà. Ọ̀gbẹ́ni Ọládépò gbọ́, ó wá a wá sí gáréèjì.

"Bàbá Fọláhànmí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí máa wá. Ó lè gbé A jáde nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ tó bá fara balẹ̀."

Adéríbigbé rẹ́rìn-ín. Àwọn dírébà ẹgbẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì máa ń gbádùn kí èèyàn máa wo òun bí òun bá ń sọ̀rọ̀.

"Tíṣà, ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́. Ṣé C kì í ṣe kírẹ́díìtì ni?"

"Kírẹ́díìtì ni, sà."

"A ńkọ́?"

"Kírẹ́díìtì náà ni. Àmọ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ti ń…"

"Ó ti tán! Kírẹ́díìtì ni kírẹ́díìtì. JAMB ló ń gbé ọmọ wọ yunifásítì. Ẹni tó bá ń wá A kiri nínú WAEC, ẹ̀yẹ ló ń wá."

Àwọn dírébà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Ọládépò náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó dágbére, ó sì lọ. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Adéríbigbé tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ fún Àbíkẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n ti ń wọ bàtà wọn.

"Ìyá Tómisìn, ẹ ń fi ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ pa ọmọ yín o. Ẹ jẹ́ kó gbájú mọ́ JAMB."

Àbíkẹ́ ní, "Bàbá Fọlá, ohun tí tíṣà wọn bá sọ lèmi ń tẹ̀ lé. Èmi ò mọ èyí tó tóbi jù nínú méjèèjì."

JAMB jáde. Fọláhànmí gba igba ó lé mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Tómisìn gba igba ó lé mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Àṣé ayọ̀ lè mú kí àgbà ọkùnrin máa fò sókè bí ọmọdé! Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, Adéríbigbé bọ́ síwájú pẹpẹ, ó jó títí sùtánà rẹ̀ fi rin fún òógùn. Ó pe máàkì náà fún ìjọ, ìjọ hó yè. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sí èrò tó wọ ọkọ̀ rẹ̀ tí kò gbọ́ iye tí ọmọ rẹ̀ gbà, títí kan àwọn tó bọ́ sílẹ̀ lágbedeméjì ọ̀nà, ní Odò-Ọbà. Nígbà tí WAEC náà jáde, Fọláhànmí wá sọ fún un pé òun yege nínú gbogbo rẹ̀.

"Kírẹ́díìtì ni gbogbo ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàámi. Ṣùgbọ́n C ló pọ̀ jù níbẹ̀."

"Kírẹ́díìtì ni kírẹ́díìtì," ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò wo èsì náà. Kò sì rí bí ọmọ rẹ̀ ṣe dúró síbẹ̀ fúngbà díẹ̀ bí ẹni tó ṣì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ náà gbé orúkọ àwọn tí wọ́n gbà sí Nọ́ọ̀sì jáde, Tómisìn wọlé. Fọláhànmí ò wọlé.

Adéríbigbé ní kí wọ́n tún un wò. Wọ́n tún un wò. Ó ní kí ẹlòmíràn bá òun wò ó lórí fóònù tirẹ̀. Bákan náà ló rí. Ó jókòó sórí àga nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohun tó ń dà á láàmú jù kì í ṣe pé ọmọ òun ò wọlé. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé gbogbo ayé ti gbọ́ máàkì náà lẹ́nu òun. Kí ló fẹ́ sọ fún ìjọ? Kí ló fẹ́ sọ fún àwọn èrò tó ń bèèrè pé, "Bàbá Nọ́ọ̀sì, ìgbà wo lọmọ ń wọlé?" Ojú ń tì í, ìtìjú náà sì ń wá ibi tó máa yọrí sí.

Mashood ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń wakọ̀ ní gáréèjì. Adéríbigbé ní, "Ẹni tó gba igba ó lé mọ́kànlélọ́gbọ̀n wọlé, ẹni tó gba ohun tí ọmọ mi gbà ò wọlé. Ìwọ náà sọ ọ́, Mashood, kí ló fà á?"

"Èmi ò mọ̀. Lọ bi wọ́n léèrè."

"Kí ni mo fẹ́ bèèrè? Ṣé o ò mọ̀ pé wọ́n rà á ni?"

"Ṣé o rí i nígbà tí wọ́n rà á?"

Adéríbigbé pòṣé. Nígbà tó sọ ọ́ fún Mashood, àròyé lásán ni. Nígbà tó sọ ọ́ fún àwọn èrò lọ́jọ́ kejì, ó ti di ọ̀rọ̀ tó dá lójú. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ràmọ́tà, tó máa ń bá a lọ ra gààrí ní Ògbómọ̀ṣọ́, bi í pé níbo ni opó tó ń ta garawa ti rí ohun tó fi ra ádímíṣọ̀n. Adéríbigbé ò fẹ́ kí ìbéèrè náà borí òun. Ó ní Àbíkẹ́ ta oko tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ní Ìkòyí-Ilé. Ibi tí èyí ti wá, òun gan-an ò mọ̀. Ó kàn mọ̀ pé ará Ìkòyí-Ilé ni bàbá Àbíkẹ́, oko sì wà níbẹ̀. Ràmọ́tà pàtẹ́wọ́ ìyanu, ọkọ̀ rọ́ kẹ̀kẹ̀ fún ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ẹni tó gba owó náà lọ́wọ́ Àbíkẹ́ ti wọ inú ìtàn náà, ọkùnrin kan tó lo gíláàsì ojú tó pàdé rẹ̀ ní Tákíé, l'Ógbómọ̀ṣọ́. Bí Adéríbigbé bá ṣe ń sọ ọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń rí ọkùnrin náà kedere sí i, débi pé òun fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé ó wà láyé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wà lára èrò rẹ̀. Wọ́n ń gbọ́. Ó ń dárúkọ iṣẹ́ tí ọmọ náà ń kọ́, ó ń dárúkọ ọmọ náà pẹ̀lú.

Fọláhànmí gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan tó bá bàbá rẹ̀ lọ.  Ìgbà tí wọ́n délé ló tó sọ̀rọ̀.

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ mọ́. Tómisìn ò ra nǹkan kan."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Mo mọ ohun tó gbà ní WAEC."

"WAEC! Ta ló bi ọ́ nípa WAEC? Wọ́n rẹ́ ọ jẹ, o tún ń gbèjà wọn."

Ọmọ náà kọjá sí ilé ìdáná. Ó ti rí i pé ibi tí òun fẹ́ gba ọ̀rọ̀ náà lọ yóò já sí ara bàbá òun, kò sì lè gbà á débẹ̀.

Mashood ló padà tì í débi tó lọ. Ojoojúmọ́ ló ń sọ fún un pé kó yéé sọ ọ́ fún èrò, kó lọ sọ ọ́ fún àwọn tó ni ilé ẹ̀kọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Adéríbigbé wọ agbádá, ó mú Fọláhànmí dání, ó gbé èrò rẹ̀ dé Ògbómọ̀ṣọ́, ó já wọn sílẹ̀, ó sì gba ọ́fíìsì ìgbaniwọlé lọ. Obìnrin tó wà lórí tábìlì níbẹ̀ ti dàgbà díẹ̀, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó jẹ́ kó sọ gbogbo ẹjọ́ rẹ̀ tán. Ìgbà tó fẹ́ dárúkọ Tómisìn, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Bàbá, ẹ má bínú, mi ò lè bá yín sọ ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ. Ti ọmọ yín nìkan la lè sọ." Ó béèrè nọ́ńbà Fọláhànmí, ó wò ó nínú kọ̀ǹpútà, ó mi orí. "Háà. Ọmọ yìí mọ JAMB ṣe o."

"Ẹ rí i báyìí!" ni Adéríbigbé wí.

"Àmọ́ kì í ṣe JAMB nìkan là ń wò níbí. Nínú ọgọ́rùn-ún, ọgọ́ta ni ti JAMB, ogójì ni ti WAEC. Iṣẹ́ márùn-ún la máa ń kà nínú WAEC. A kọ̀ọ̀kan ń gbé mẹ́jọ wá, C tó kéré jù ń gbé mẹ́ta wá. JAMB ọmọ yín fún un ní méjìlélógójì àti díẹ̀, ó dára gan-an. WAEC rẹ̀ ni ò ju mẹ́tàdínlógún lọ. Àpapọ̀ rẹ̀ ò pé ọgọ́ta. Ẹni tí a gbà kẹ́yìn sí Nọ́ọ̀sì lọ́dún yìí, tirẹ̀ lé ní méjìdínláàádọ́rin."

Adéríbigbé ń wo ẹnu rẹ̀. "Mà, ṣé kì í ṣe kírẹ́díìtì ni C ni?"

"Kírẹ́díìtì ni. Òun ló jẹ́ ká lè wo orúkọ rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ bá ti pọ̀ ju àyè lọ, a ní láti mọ èyí tó fi ọdún mélòó kan kàwé àti èyí tó kan mọ ìdáhùn lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá gba A ní gbogbo iṣẹ́, tí JAMB rẹ̀ ò tilẹ̀ ju igba àti ọgbọ̀n lọ, á ṣáájú ọmọ yín."

Ó sọ èyí láìmọ ohun tó sọ. Igba àti ọgbọ̀n. Adéríbigbé gbọ́ ọ, ó dà bí ẹni pé wọ́n pe Tómisìn wọ yàrá náà. Obìnrin náà wá yíjú sí Fọláhànmí, ó sì bi í bí ìyá ṣe ń bi ọmọ:

"Orí rẹ pé, ọmọ mi. Kí ló dé tí o fi fọwọ́ yẹpẹrẹ mú WAEC?"

 Adéríbigbé mọ ìdáhùn. Òun nìkan kọ́ ló mọ̀ ọ́n, ọmọ rẹ̀ náà mọ̀ ọ́n, Ọ̀gbẹ́ni Ọládépò mọ̀ ọ́n, gbogbo gáréèjì ló gbọ́ ọ. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni. "Èmi ni mo ní kó fi sílẹ̀." Ó la ẹnu. Ahọ́n rẹ̀ tó máa ń yí bí táyà ò yí.

Fọláhànmí tẹ orí ba. "Mo rò pé kírẹ́díìtì ti tó ni, mà."

"Áà, o kù díẹ̀ káàtó, ọmọ mi. Tún un kọ. NECO wà, WAEC náà tún wà."

"Ẹ ṣé, mà."

Bàbá rẹ̀ sì jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ó jókòó nínú agbádá, ó jẹ́ kí ọmọ òun gba ẹ̀bi lójú òun. Ìgbà tí wọ́n jáde síta, oòrùn ń ràn. Ó fẹ́ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, ohun tó rí sọ ni pé, "Ṣé ebi ń pa ọ́?"

Kó tó dáhùn, ẹnìkan pe orúkọ Fọláhànmí lẹ́yìn wọn. Tómisìn ni. Aṣọ funfun tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ló wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì ti rù ju bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ó dì mọ́ Fọláhànmí, ó kúnlẹ̀ fún Adéríbigbé lórí ilẹ̀ títì.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ kú ọ̀nà. Ẹ ò níí lọ láìjẹun, sà, ilé mi ò jìnnà."

Adéríbigbé ní àwọn ń kánjú. Tómisìn ò gbà, ó ti di ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a lọ sí Under G, ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, láàárín ilé pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ àti ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé àti ibi tí wọ́n ti ń dín ẹyin. Bí wọ́n ṣe ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó síbẹ̀ kígbe pé, "Nọ́ọ̀sì Rà-á-wọlé!" Àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Tómisìn ò wẹ̀yìn. Ó kàn yára ẹsẹ̀ díẹ̀.

Ìrẹsì ló gbé wá fún wọn nínú yàrá. Fọláhànmí ò fọwọ́ kan oúnjẹ náà. "Tómi, kí ni ọmọkùnrin yẹn pè ọ́?"

"Má dá a lóhùn. Bí wọ́n ṣe ń pè mí nìyẹn láti ìgbà tí ìwé bẹ̀rẹ̀. Èmi nìkan ni mò ń dá jókòó ní kíláàsì, wọ́n ní mi ò mọ nǹkan kan. Tí mo bá dáhùn ìbéèrè, wọ́n á hó." Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, kì í ṣe Fọláhànmí ló ń bá sọ ọ́ mọ́. "Ọmọ kíláàsì wa kan ló wọ ọkọ̀ láti Ọ̀yọ́. Ó ní dírébà tó ń wa Síẹ́nà, tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ́ Fọláhànmí, ló sọ ọ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni, sà. Mi ò tíì sọ fún màmá mi. Wọ́n á fẹ́ bá yín jà, mi ò sì fẹ́ ìjà nínú ṣọ́ọ̀ṣì." Ó gbé omi sún mọ́ ọn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun, sà."

Adéríbigbé gbé ṣíbí. Ó gbé e sílẹ̀. Kò rí ibi tó lè gbé ojú sí nínú yàrá kékeré yẹn: bó bá wo apá ọ̀tún, ọmọ tí òun bà lórúkọ jẹ́ ló wà níbẹ̀, bó bá wo apá òsì, ọmọ tí òun ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ni. Ó ní, "Tómisìn, má bínú," ohùn rẹ̀ ò sì jáde tó. Ọmọ náà ní, "Kò burú, sà," bí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé ṣe máa ń wí fún àgbà, ṣùgbọ́n ó burú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó ń gbérò bọ̀ wá sí Ọ̀yọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ràmọ́tà wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú àpò gààrí rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Fọláhànmí, ẹ parí ìtàn ọlọ́gíláàsì yẹn fún wa ná. Ẹni tó jókòó tì mí yìí ò tíì gbọ́ ọ." Adéríbigbé tẹjú mọ́ ọ̀nà. Ó ní orí ń fọ́ òun. Títí wọ́n fi dé Ọ̀yọ́, kò sọ̀rọ̀ mọ́, Fọláhànmí náà kò sì sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí dìde, ó dìde. Àbíkẹ́ wà láàárín àwọn ìyá, ó wọ funfun, ó ń rẹ́rìn-ín sí i. Obìnrin náà ò mọ nǹkan kan. Adéríbigbé di gbohùngbohùn mú, ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa fún ìrìn àjò, pé mọ́tò ò da òun, ó sì jókòó. Ìjọ ní halelúyà. Ó ń gbọ́ ọ bí ẹni pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Wọ́n dé ilé. Fọláhànmí ń ká sùtánà rẹ̀ fún un, ó sì sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, láìwò ó lójú:

"Bàámi, mo ti fi ọ̀rọ̀ WAEC yẹn sílẹ̀, mi ò bínú sí yín. Ṣùgbọ́n ti Tómisìn, èmi ò lè bá yín gbé e."

Adéríbigbé ò sùn dáadáa. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, kò lọ sí gáréèjì, Akẹ̀sán ló gbà lọ. Àbíkẹ́ ń to garawa lé ara wọn, aláwọ̀ pupa sókè, aláwọ̀ ewé sísàlẹ̀. Ó rí i, inú rẹ̀ dùn.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Fọlá! Ẹ wá ra garawa ni?"

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Tómisìn. Rárá o. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀." Ó dọ̀bálẹ̀ láàárín abọ́ oníke, pẹ̀lú gbogbo ara. Àwọn oníṣòwò ẹ̀gbẹ́ wọn dìde láti wò. Ó sọ gbogbo rẹ̀ látorí ilẹ̀ yẹn: oko Ìkòyí-Ilé tí kò sẹ́ni tó tà á, ọkùnrin Tákíé tí kò sí níbì kankan, àti orúkọ tí àwọn ọ̀dọ́ Under G ń pe Tómisìn. Ó sọ ti WAEC pẹ̀lú, pé A tí Tómisìn fi ìrọ̀lẹ́ àti Sátidé wá lòun fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú rẹ̀, A yẹn náà ló sì gbé e wọlé.

Ẹ̀rín kúrò lójú Àbíkẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, kò sọ pé kó dìde.

"Ọmọ mi sọ fún mi pé òun ń ṣàìsàn," ni ó wí níkẹyìn. "Ó ní oúnjẹ ò wu òun. Mo ń gbààwẹ̀ nítorí ẹ̀. Àṣé ẹ̀yin ni." Ó gbé garawa kan sílẹ̀. "Mo gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín. Ẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀ fún èmi níbí, ó dára. Àwọn tí ẹ sọ ọ́ fún nínú ọkọ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ mọ ilé wọn?"

 Adéríbigbé dìde fúnra rẹ̀, eruku wà ní iwájú aṣọ rẹ̀, kò sì gbọ̀n ọ́n nù. Àwọn obìnrin là á láàárín kó kọjá. Ọ̀kan nínú wọn pòṣé sí i, ó sì mọ̀ pé ó tọ́ sí òun.

Ó sọ ọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ní ìdúró, níwájú gbogbo ìjọ, kò sì sí ẹni tó ní halelúyà. Wòlíì ìjọ ní kó lọ jókòó sẹ́yìn fún oṣù mélòó kan, ó sì jókòó sẹ́yìn. Èyí rọrùn. Ti inú ọkọ̀ ló le, nítorí ojoojúmọ́ ni àwọn èrò tuntun ń wọlé, àwọn tó gbọ́ irọ́ náà sì ti túká. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ti kúrò ní gáréèjì, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá gbọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì kan láti Ọ̀yọ́ ra ádímíṣọ̀n, èmi ni mo pa irọ́ yẹn. Ó gba A ni." Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, àwọn kan á ní kí ló kan àwọn. Ràmọ́tà ní ìtàn ti àkọ́kọ́ dùn ju èyí lọ. Ọkùnrin kan sọ fún un lójúkojú pé bóyá wọ́n ti fún un ní nǹkan kó lè yí ọ̀rọ̀ padà, gbogbo ọkọ̀ sì gbà pẹ̀lú ọkùnrin náà. Ọjọ́ yẹn, ó wakọ̀ dé Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú ojú tó ń ta á.

Fọláhànmí padà sọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Ọládépò. Bàbá rẹ̀ ló mú un lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì bí ọmọ tó pẹ́ dé ilé ìwé, ó sì bẹ tíṣà lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ náà ṣe NECO, ó gba A díẹ̀, ó gba B tó pọ̀. JAMB rẹ̀ lọ́dún kejì ò tó ti àkọ́kọ́, kò sì sí ẹni tó pe máàkì náà fún ìjọ. Ìgbà tí wọ́n pa méjèèjì pọ̀, ó tó. Ó wọlé sí Nọ́ọ̀sì, ọdún kan lẹ́yìn Tómisìn, wọ́n sì jọ ń gbé yàrá kan náà ní Under G. Àwọn tó ń pe Tómisìn ní Rà-á-wọlé dín kù nígbà tí èsì ìdánwò ọdún àkọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n wọn ò tán. Orúkọ náà ṣì máa ń jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pàápàá lẹ́nu àwọn tí kò mọ ibi tó ti wá.

Àbíkẹ́ máa ń lọ kí ọmọ rẹ̀ lóṣooṣù. Bó bá dé gáréèjì, tó bá jẹ́ Síẹ́nà Adéríbigbé ló kàn láti gbérò, á kí i dáadáa, á bèèrè ìyàwó àti ọmọ, á sì lọ dúró lábẹ́ igi títí ọkọ̀ rẹ̀ á fi kún tí yóò lọ. Ìgbà náà ni yóò wọ ti Mashood tó tẹ̀ lé e. Adéríbigbé ò bẹ̀ ẹ́ pé kó wọ ti òun. Á tan ọkọ̀, á wo àwọn èrò tó wà lẹ́yìn nínú dígí, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wọn pé òun ló pa irọ́ náà.